Ọjọ́ márùn-ún ní Scotland: Pápá gọ́ọ̀fù wo lẹ máa yàn, kí ló sì so wọ́n mọ́ erékùṣù òwò ẹrú ní Sàró?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Èkó, Àbújá, Accra àti Abidjan ló ní ìrìnàjò kan lọ́kàn: wọ́n fẹ́ gbá eré náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ní Scotland, níbi tó ti gbilẹ̀ kó tó tàn ká gbogbo ayé.

Amọ́ ìsinmi kì í pọ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè sì ti wọ́n. Ẹni tó bá rí ọjọ́ márùn-ún péré gbà lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti náwó sí físà àti ọkọ̀ òfuurufú, kò lè dé gbogbo pápá tó wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n lé ní 500.

Òkìkí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan pápá. Wọ́n á wo èyí tí wọ́n ti rí lórí amóhùnmáwòrán, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ wọn ti ya fọ́tò níbẹ̀.

Ìtàn ní ọ̀nà mìíràn láti yàn. Ó ní kéèyàn béèrè pé: ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ta ni wọ́n gbà láàyè kó ṣeré lórí rẹ̀, ta ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́? Níbo ni owó àwọn tó ń gbádùn ara wọn níbẹ̀ ti wá?

Fún ẹni tó bá gbéra láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kò jìnnà sílé rárá. Ọ̀kan lára àwọn pápá gọ́ọ̀fù tí àkọsílẹ̀ wọn pẹ́ jù ní Áfíríkà, kì í ṣe ìjọba amúnisìn ló là á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé iṣẹ́ epo. Àwọn oníṣòwò ẹrú ni, lórí erékùṣù kékeré kan ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí Yorùbá ń pè ní Sàró.

Eré tí wọ́n fòfin dè

Lọ́dún 1457, nígbà ayé Ọba James Kejì, ilé aṣòfin Scotland pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti gọ́ọ̀fù.

Kì í ṣe pé eré náà burú lójú wọn. Ogun ni wọ́n ń rò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọkùnrin máa fi àkókò wọn kọ́ ọfà títa, nítorí ọ̀tá wọn tó wà ní England. Òfin yìí ni àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń wá ibi tí orúkọ gọ́ọ̀fù ti kọ́kọ́ jẹyọ nínú ìwé ní Scotland.

Wọ́n tún òfin náà pa láṣẹ lọ́dún 1471 àti 1491, èyí tó fi hàn pé àwọn èèyàn kò gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1502, ọba fúnra rẹ̀, James Kẹrin, ti ń ra igi gọ́ọ̀fù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ọrun ní ìlú Perth ló sì ti rà á. Ọwọ́ tó yẹ kó máa gbẹ́ ọrun ogun ló wá ń gbẹ́ igi eré.

Ilẹ̀ iyanrìn etí òkun, tí wọ́n ń pè ní links, ni wọ́n ti ń gbá a. Ilẹ̀ náà kò ṣe é dáko, àgùntàn àti ehoro ló ń jẹ koríko orí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ilẹ̀ gbogbogbò ni. Àwọn kan ń sá aṣọ síbẹ̀, àwọn kan ń da ẹran, àwọn mìíràn sì ń gbá gọ́ọ̀fù.

Nítorí náà, ìtàn eré yìí ní Scotland tún jẹ́ ìtàn bí ilẹ̀ gbogbogbò ṣe di ti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ní ibì kan, àti bí àwọn ará ìlú ṣe jà kó má baà rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn. Ọjọ́ márùn-ún tó láti rí apá méjèèjì.

Ọjọ́ kìíní: Leith, ibi tí wọ́n ti kọ òfin eré náà sílẹ̀

Edinburgh, olú ìlú Scotland, ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ló dára láti bẹ̀rẹ̀ sí, ẹ kò sì ní tíì náwó kankan lórí pápá.

Leith ni èbúté Edinburgh. Lọ́dún 1744, àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ gba igi gọ́ọ̀fù oní fàdákà lọ́wọ́ ìjọba ìlú Edinburgh gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìdíje, wọ́n sì kọ òfin 13 sílẹ̀ tí wọn yóò fi ṣe ìdíje náà. Àwọn ni òfin gọ́ọ̀fù tó pẹ́ jù tó ṣì wà lákọsílẹ̀ títí di òní. Ihò márùn-ún péré ni pápá náà ní.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, John Rattray, ló borí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó darapọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun Charles Edward Stuart, tó fẹ́ gba adé ìlú náà padà fún ìdílé rẹ̀. Wọ́n mú Rattray lẹ́yìn ogun Culloden lọ́dún 1746. Duncan Forbes, adájọ́ àgbà tí òun náà ń gbá gọ́ọ̀fù ní Leith, ló bá a bẹ̀bẹ̀ tí wọn kò fi pa á.

Lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ ni Leith Links. Wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ mọ́, àmọ́ ère Rattray wà níbẹ̀.

Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá ń yún un lọ́jọ́ náà lè lọ sí Bruntsfield Links, láàárín ìlú Edinburgh, níbi tí àwọn ihò kéékèèké wà fún ẹnikẹ́ni láti gbá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀.

Ohun kan wà nípa Leith tó yẹ kí ọmọ Áfíríkà fi sọ́kàn. Lọ́dún 1743, ọdún kan ṣáájú òfin 13 yẹn, wọ́n kó igi gọ́ọ̀fù 96 àti bọ́ọ̀lù 432 sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté yìí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Charleston ní South Carolina, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ Charleston yóò tún jẹyọ níwájú.

Ọjọ́ kejì: Musselburgh, àti ẹ̀bùn tí wọ́n ṣètò fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja

Musselburgh wà létí òkun, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 10 sí Edinburgh. Àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ lọ́dún 1672. Ihò mẹ́sàn-án ni pápá àtijọ́ náà ní, àárín pápá tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin ló sì wà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìdíje The Open ti wáyé níbẹ̀, láàárín ọdún 1874 sí 1889.

Ẹni tó bá ń wá pápá tó rẹwà jù lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Amọ́ ìtàn kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní ọ̀pọ̀ pápá ńláńlá.

Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ìlú náà máa ń ru apẹ̀rẹ̀ ẹja wúwo lọ tà ní Edinburgh. Àwọn náà ń gbá gọ́ọ̀fù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1810, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ìlú náà pinnu pé obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù lára wọn, nínú ìdíje ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1811, yóò gba apẹ̀rẹ̀ ẹja tuntun àti ìborùn.

Ìpinnu yìí wà lára àkọsílẹ̀ ìdíje gọ́ọ̀fù obìnrin tó pẹ́ jù lágbàáyé. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń ṣe wàhálà ní Makoko l'Ékòó, tàbí ní Jamestown l'Accra, yóò mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ tuntun kì í ṣe ẹ̀bùn yẹpẹrẹ.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin: St Andrews, ilẹ̀ gbogbo ìlú

Ìwọ̀nba ni ẹni tó máa lọ sí Scotland nítorí gọ́ọ̀fù tí kò ní fẹ́ dé St Andrews. Tí èèyàn bá gba ojú títì láti Edinburgh, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin kì í wọ inú ìlú náà. Leuchars ló ń dúró sí, kí èrò tó wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí.

Ọjọ́ méjì nínú márùn-ún kò pọ̀ jù fún ibẹ̀, ìtàn ilẹ̀ náà ló sì fà á.

Lọ́dún 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, John Hamilton, fọwọ́ sí ìwé kan tó fìdí ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú múlẹ̀ láti máa gbá gọ́ọ̀fù lórí ilẹ̀ etí òkun wọn. Òun ní tirẹ̀ gba àyè láti máa sin ehoro níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ehoro yìí ló padà dìjà. Lọ́dún 1797, ìgbìmọ̀ ìlú tó ti wọ gbèsè ta ilẹ̀ náà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi ehoro ṣòwò. Ehoro gbẹ́ ihò káàkiri pápá. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù gba ilé ẹjọ́ lọ, ìjà náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún 1821, onílẹ̀ kan ládùúgbò, James Cheape, ra ilẹ̀ náà kí eré lè máa lọ. Nígbà tó di 1894, ó padà sọ́wọ́ ìlú nípasẹ̀ òfin ilé aṣòfin. Láti ọdún 1974, àjọ kan tó ń jẹ́ St Andrews Links Trust ló ń bójú tó o.

Pápá méje ló wà lábẹ́ àjọ náà lónìí, gbogbo wọn ló sì ṣí sílẹ̀ fún aráàlú àti àlejò. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Old Course. Ihò 22 ni wọ́n máa ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 18 lọ́dún 1764. Iye yẹn ló padà di ìlànà ní gbogbo àgbáyé. Pápá tó wà ní Ikoyi, ní Achimota tàbí ní Yamoussoukro, St Andrews ni ihò 18 wọn ti ṣẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń rí àyè lórí Old Course?

Orúkọ ni wọ́n ń fà yọ. Ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ jọ máa gbá a yóò fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n á sì kéde orúkọ àwọn tó bọ́ sí i. Ẹ tún nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù yín nílé, èyí tó ń fi hàn bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó. Ó yẹ kẹ́ ẹ wo ìlànà tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí wọ́n máa ń yí i padà.

Kò sí bí èèyàn ṣe gbajúmọ̀ tó tí orúkọ kò lè fo òun dá. Ìdí nìyí tí ọjọ́ méjì fi dára: bí orúkọ kò bá jáde lọ́jọ́ kìíní, ó lè jáde lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá sì jáde rárá, New Course wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tom Morris, ìlú-mọ̀ọ́ká ọmọ bíbí St Andrews, ló là á lọ́dún 1895, nítorí náà pápá tí wọ́n ń pè ní tuntun yìí ti lé ní 125 ọdún.

Tí ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ má kà á sí òfò. Wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi tí ìdíje ńlá bá wà. Ìlú ló ń ni ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá á máa rìn kiri níbi tí àwọn akọni eré náà ti ń du ife.

Ìlẹ̀kùn tó pẹ́ kó tó ṣí

Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lórí Old Course, ilé olókùúta ńlá kan wà níbẹ̀. Ti ẹgbẹ́ Royal and Ancient ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1754. Kì í ṣe ẹgbẹ́ náà ló ni pápá, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, tí wọ́n dìbò láti yí òfin wọn padà, obìnrin kankan kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí.

Ẹgbẹ́ tó kọ òfin 13 ní Leith náà ti ṣí kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Musselburgh, wọ́n sì là pápá ara wọn sí Muirfield lọ́dún 1891. Lọ́dún 2016, ìbò tí wọ́n dì láti gba obìnrin wọlé kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin wọn béèrè. Wọ́n sọ fún wọn pé ìdíje The Open kò ní wá síbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n tún ìbò dì, wọ́n sì gbà.

Amọ́ àwọn obìnrin St Andrews kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 1867 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, lórí ilẹ̀ kékeré kan tó kún fún gegele lẹ́bàá Old Course, níbi tí wọ́n ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Himalayas ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, àlejò tí kò mú igi kankan wá láti ilé pàápàá lè gbá a.

Muirfield dára gan-an lóòótọ́, àmọ́ pápá àdáni ni, ọjọ́ tí àlejò lè gbá a kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó ní ọjọ́ márùn-ún péré lè fi í sílẹ̀, kó gbá Himalayas pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún: Prestwick, níbi tí àwọn tó ń gbé igi ti di akọni

Prestwick wà ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Ayrshire. Ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gan-an.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1860, ọkùnrin mẹ́jọ péré ló kópa nínú ìdíje The Open àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ihò 12 ni pápá náà ní, wọ́n sì gbá a yípo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan náà. Willie Park, ọmọ Musselburgh, ló borí. Ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nígbà 174, Tom Morris sì gbá tirẹ̀ nígbà 176. Ìgbànú awọ pupa ni ẹ̀bùn, kò sí owó níbẹ̀.

Àwọn mẹ́jọ yìí kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọmọ ahunṣọ ni Morris. Iṣẹ́ irú wọn nígbà náà ni kí wọ́n máa ṣe bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa tún pápá ṣe, kí wọ́n sì máa gbé igi tẹ̀lé àwọn olówó, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní caddie. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti di ẹni tí gbogbo ayé ń pe orúkọ rẹ̀ títí dòní. Orí ibojì Morris wà ní St Andrews, àwọn èèyàn sì ń lọ wò ó.

Ìtàn tó dùn ni. Amọ́ ní Ayrshire kan náà, ìtàn mìíràn wà tí kì í sí nínú ìwé tí wọ́n ń pín fún àlejò tó wá gbá gọ́ọ̀fù.

Ta ni Richard Oswald?

Nítòsí ìlú Ayr, tó múlé gbe Prestwick, ilé ńlá kan wà tó ń jẹ́ Auchincruive. Richard Oswald ra ilẹ̀ náà lọ́dún 1764. Ọmọ Scotland ni Oswald, Lọ́ńdọ̀n ló ti ń ṣòwò. Lára ohun tó ń tà ni ṣúgà, tábà àti èèyàn.

Lọ́dún 1748, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ra Bunce Island. Erékùṣù kékeré ni, nǹkan bíi mítà 500 ní gígùn àti nǹkan bíi mítà 100 ní ìbú, lójú odò Sierra Leone. Láti nǹkan bíi ọdún 1670 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ẹrú níbẹ̀. Ilé olódi wà níbẹ̀, àwọn ìbọn àgbá wà níbẹ̀, ọgbà tí wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ sì wà lẹ́yìn ilé ńlá tí àwọn òyìnbó ń gbé.

Gọ́ọ̀fù náà sì wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1773, Henry Smeathman, onímọ̀ nípa kòkòrò tó lọ ṣèwádìí nípa ikán ní Sierra Leone, dé erékùṣù náà ní àlejò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó gba òun lálejò máa ń gbá gọ́ọ̀fù. Ihò méjì ni wọ́n gbẹ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń gbé igi tẹ̀lé wọn, aṣọ onílà tartan ti Scotland ni wọ́n sì ró fún wọn.

Nígbà tí àwọn tó ń gbé igi ní Scotland fi ń gba owó ọ̀yà wọn, ẹni tó ń gbé igi ní Bunce Island ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta àwọn èèyàn bíi tirẹ̀. Láti ibi tí wọ́n ti ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, kò lè jìnnà, nítorí erékùṣù náà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Okùn tó so Leith, Sàró àti Charleston pọ̀

Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kó láti Bunce Island, South Carolina àti Georgia ni wọ́n gbé wọn lọ. Àwọn olóko ibẹ̀ ń gbin ìrẹsì, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn èèyàn agbègbè Sierra Leone mọ ìrẹsì gbìn dáadáa. Owó gọbọi ni wọ́n ń san lórí irú ẹrú bẹ́ẹ̀.

Henry Laurens ló ń bá Oswald tà wọ́n ní Charleston, ó sì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú owó náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń gba òmìnira, Laurens wà lára àwọn tó ṣojú Amẹ́ríkà níbi ìpàdé àlàáfíà ní Paris. Ẹni tó ṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ni Richard Oswald. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 1782, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tó ti jọ ta èèyàn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà.

Charleston yìí kan náà ni igi 96 àti bọ́ọ̀lù 432 ti Leith lọ lọ́dún 1743. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá South Carolina Golf Club sílẹ̀ lọ́dún 1786, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gba orí òkun Atlantic nígbà náà ló ń gbé ẹrú, ìrẹsì, ọtí àti eré àwọn olówó.

Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ṣì wà ní etí òkun South Carolina àti Georgia. Gullah ni wọ́n ń pè wọ́n, a sì ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èdè Sierra Leone lẹ́nu wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òwò ẹrú?

Lọ́dún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Freetown, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Bunce Island lójú odò kan náà, di ibi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà lára wọn, Aku ni wọ́n sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1822. Ibẹ̀ ni orúkọ Sàró tí à ń pe àwọn tó padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ti wá.

Gọ́ọ̀fù tún padà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Ikoyi Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ni níbẹ̀rẹ̀. Bí ó ti rí ní Bunce Island, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ wọ pápá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé igi.

Amọ́ ní tiwọn, ìtàn yí padà. Bíi Tom Morris, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó di ọ̀jáfáfá nínú eré náà ní Nàìjíríà, ẹni tó ń gbé igi tẹ̀lé olówó ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Lọ́dún 1978, Sandy Lyle tó ń gbá gọ́ọ̀fù fún Scotland wá gba ife Nigerian Open. Ìyẹn ni ife àkọ́kọ́ tó gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀jáfáfá, ṣáájú kó tó gba The Open lọ́dún 1985 àti Masters lọ́dún 1988.

Kí wá ló yẹ kéèyàn yàn?

Bí ọjọ́ bá jẹ́ márùn-ún, ẹ fi ẹsẹ̀ rin Leith, kẹ́ ẹ gbá Bruntsfield lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbá ihò mẹ́sàn-án ní Musselburgh. Ẹ fún St Andrews ní ọjọ́ méjì. Ẹ fi Prestwick kásẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wákàtí kan dé agbègbè Auchincruive kẹ́ ẹ tó padà sí Glasgow.

Bí ọjọ́ bá jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ yọ Prestwick kúrò, àmọ́ ẹ má yọ Musselburgh. Kò gba àkókò, kò sì gba owó ńlá.

Oṣù Kẹfà àti ìkeje ló dára jù fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ojúmọmọ ṣì máa ń wà títí di nǹkan bíi aago mẹ́wàá alẹ́, èèyàn sì lè gbá pápá méjì lójúmọ́. Ẹ mú aṣọ òtútù dání síbẹ̀síbẹ̀, nítorí atẹ́gùn etí òkun ibẹ̀ kò mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìrìnàjò kan ṣì kù lẹ́yìn èyí, kò sì gba físà fún ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé èèyàn láti Freetown lọ sí Bunce Island. Láti ọdún 1948 ni ìjọba ti kà á sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tó yẹ ní dídáàbòbò. Ògiri ilé olódi ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìbọn àgbá wà nílẹ̀, igi ti hù láàárín òkúta, àwọn ibojì sì wà níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ní rí ihò méjì yẹn mọ́. Ẹ fi àpò igi sílẹ̀ ní Freetown. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbá níbẹ̀.